Taya Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Òyìnbó Eléruku

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ràṣídì, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, gbé ọkọ̀ pupa kan wá sí iwájú ilé mi láti àdúgbò Adéwọlé. Ọkọ̀ eré ni, ó rẹlẹ̀ débi pé òbúkọ ilé wa lè fò ó kọjá bó bá múra díẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní taya ẹ̀yìn méjèèjì ti jẹ tán, bẹ́ẹ̀ tiwájú ṣì rí bí ọjọ́ tí òun rà á, ẹni tó ta ọkọ̀ náà ti rẹ́ òun jẹ. Ó wá bi mí pé, èmi tí mo ti ń ṣe taya láti ayé òyìnbó, báwo ló ṣe yẹ kí taya ẹ̀yìn pẹ́ tó?

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ìbéèrè yẹn ni mo fi gbogbo ayé mi jẹun. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀gá mi, òun ló sì fún mi ní ìyàwó tó bí bàbá Ràṣídì. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, torí mo gbọ́ pé iṣẹ́ tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ kì í fẹ́ jókòó tì í.

N kò bẹ̀rẹ̀ lórí taya. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ síbi iṣẹ́, taya mélòó ló wà ní gbogbo Ìlọrin? Ìlú ẹlẹ́ṣin ni wá. Wọ́n ń kì wá pé ẹṣin leégún ilé wa, gàárì sì ni aṣọ eégún náà. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sànúsí, aláwọ tó ń rán gàárì ní àdúgbò Pàkátà. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, àwọn ìjòyè á rán ìránṣẹ́ wọn wá jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ kí ẹlòmíì má baà gbé gàárì tiwọn lọ. Mo ti gbọ́njú nígbà náà, irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n mi. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ nípa mi lọ́jọ́ náà, n kò rántí mọ́.

Bàbá Sànúsí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, kì í lu ènìyàn. Ohun tó máa ń ṣe ju ẹgba lọ. Bí o bá gbé iṣẹ́ wá, á fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ á sì wà níbòmíì. Bí àtàǹpàkò yẹn bá dúró níbì kan, o ti wọ gàù. Ó ní kí n tú gàárì kan tí mo fi oṣù méjì rán, torí ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó wọ́. Ọ̀sẹ̀ Iléyá gan-an ni. Mo ń tú u, omijé ń kán sórí awọ, ó sì ní kí n nu omijé náà kúrò, pé iyọ̀ inú rẹ̀ á ba awọ jẹ́.

Àṣà kan wà nílé iṣẹ́ yẹn tí n kò rí níbòmíì rí. Bí ọmọṣẹ́ bá ti jókòó ti iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi eyín di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀ fún rírán, òótọ́ sì ni, awọ tó bá ti mu itọ́ máa ń gba ojú ihò wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹni tó di awọ sẹ́nu kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá á ní, “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Bó bá fẹ́ gbọ́ tìrẹ, á ní kí o yọ awọ ẹnu rẹ. Ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo lò níbẹ̀, bóyá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà mẹ́wàá.

Ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti gba ìyọ̀ǹda, wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ Bàbá pé kó yọ̀ǹda mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọ ojú rírán mi tó mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni Àwáwù wà ní àdúgbò Dàda, ọmọ amọ̀kòkò, tí mo fẹ́ràn ju ojú mi méjèèjì lọ. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní fi ọmọ fún ọkùnrin tó ṣì ń jókòó sílé ọ̀gá. Àwáwù ti dúró dè mí fún ọdún mẹ́ta, àwọn ọkùnrin mìíràn sì ti ń yà wá kí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹni tó bá mọ bó ṣe rí kó sọ fún mi, ojoojúmọ́ ni àyà mi ń já.

Àkókò yẹn ni òyìnbó kan dé tó ń bójú tó ọ̀nà Jẹ́bá. Reluwé ti wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ṣì jẹ́ òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ pupa. Òyìnbó yìí ní ọkọ̀ eré kan tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ìlú wọn. Kò ní òrùlé. Imú rẹ̀ gùn, ènìyàn méjì péré ló gbà níwájú, ihò kan sì wà lẹ́yìn tí ẹnì kan lè ká ara rẹ̀ sí. Ìgbàkígbà tó bá kọjá, eruku tó bá dìde kì í wálẹ̀ títí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá fi máa parí, ìdí nìyẹn tí ìlú fi sọ ọ́ ní Òyìnbó Eléruku. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà tó sáré kọjá, mo gbàgbé pé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mo gún ara mi lẹ́sẹ̀. N kò mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ṣe lè sáré bẹ́ẹ̀. Sùbùhánálláhì ni mo ń sọ nínú ọkàn mi, torí awọ wà lẹ́nu mi.

Òyìnbó ní ìṣòro kan. Taya ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pẹ́. Àlọ-àbọ̀ Jẹ́bá mẹ́rìnlá péré, tó bá ti fi rin ín, òkúta ti họ ọ́ dé inú, bẹ́ẹ̀ ni tiwájú á máa wò ó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Tuntun sì ń ti òkè òkun bọ̀, á dé Èkó, á wọ reluwé, oṣù á ti lọ lórí oṣù. Ó wá ronú pé àwa tí a ń fi awọ bo ẹ̀yìn ẹṣin, ṣé a kò lè rán bàtà awọ tí òun á fi wọ taya ẹ̀yìn? Kàsúmù, awakọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ará Ìbàdàn, ló ń túmọ̀ fún wa.

Bàbá Sànúsí lóṣòó ti ọkọ̀ náà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní kí Kàsúmù tan ẹ̀rọ, kó wà á síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó sì rí irin gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ dé ẹ̀yìn. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Ó ní, “Ẹṣin ni. Gbogbo ayé ń pòwe pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹṣin méjì nìyẹn. Lára ẹṣin kan ṣoṣo, iwájú kàn ń fọ̀nà hàn ni, itan ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Ẹni tó ń ti ẹlòmíì, òun ni bàtà rẹ̀ máa kọ́kọ́ já.” Nígbà tí Kàsúmù túmọ̀ rẹ̀, òyìnbó yẹn wo ọ̀gá mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ rí! Títí di òní, bí mo bá rántí, ara mi máa ń bù máṣọ.

A fi awọ màlúù oníṣẹ́po mẹ́ta rán bàtà náà, a kan ìṣó olórí pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀, a sì fi okùn awọ dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èmi ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Mo máa ń ká ara mi sínú ihò ẹ̀yìn lọ sí Jẹ́bá, kí n lè tún okùn rẹ̀ dè bó bá tú lọ́nà. Kàsúmù ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ taya, bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù, bí wọ́n ṣe ń fi pọ́ọ̀ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i títí èjìká á fi fẹ́ yọ. Ọkùnrin dáadáa ni. Ó ń pè mí ní àbúrò, kì í sì í jẹun lọ́nà láìfún mi.

Bàbá wá ṣe ohun tí kò ṣe rí, ó ní kí n yọ awọ ẹnu mi kí n gbọ́ dáadáa. Ó ní bí bàtà wa bá mú taya ẹ̀yìn tuntun méjì wọ̀nyí dé ogún àlọ-àbọ̀, òun á yọ̀ǹda mi lọ́jọ́ náà. Mo wá okùn awọ kan. Bí a bá ti Jẹ́bá dé, mo so kókó kan sí i. Àwáwù mọ iye kókó náà ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó le. Nígbà tí mo so kókó kẹẹ̀ẹ́dógún, mo rí i pé ara rọ́bà náà ti ń sán wẹ́wẹ́. Bàbá wò ó, ó ní ohun tí gbogbo aláwọ ń sọ, pé awọ tí kò bá rí òrí, ọyẹ́ á fà á ya. Ó ní kí n máa fi òrí pa taya àti bàtà rẹ̀, nínú lóde, láràárọ̀. Mo pa á. Ó dán, sísán náà sì pòórá. Gbogbo wa yọ̀.

Kókó kẹtàdínlógún, kejìdínlógún, kọkàndínlógún. Ọjọ́ Àlàmísì ni mo tú bàtà náà láti fi òrí pa taya, mo sì fi àtàǹpàkò tọ ọ́ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Àtàǹpàkò mi wọlé. Rọ́bà náà ti rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òrí ni, pé ohun tó ń gba awọ là ló ń pa rọ́bà.

Bàbá jókòó níwájú mi níbẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Awọ wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ fún ara mi pé àṣà ilé iṣẹ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn rí. Irọ́ ni. Àlọ-àbọ̀ kan péré ló kù. Mo rò pé ó máa dé Jẹ́bá kó sì padà, kó wá bẹ́ lẹ́yìn náà bó bá wù ú. Mo wọ bàtà padà fún un, mo dè é le.

Ọjọ́ Sátidé, ibà mú òyìnbó, ó ní kí Kàsúmù wa ọkọ̀, òun jókòó tì í. A ò tíì dé Bódè Sààdú tí mo gbọ́ ìró kan bí ìbọn ọdẹ. Ọkọ̀ náà yí ìdí, ó wọ kòtò, ó dojú dé. Èmi bá ara mi nínú ewé eéran gíga, ara mi kàn bó díẹ̀ ni. Orí òyìnbó là díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Kàsúmù ṣẹ́ níbi ọrùn ọwọ́, síbẹ̀ èmi ló kọ́kọ́ bi léèrè pé, “Àbúrò, ṣé o wà láàyè?” N kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí a dé Ìlọrin, òyìnbó ti dájọ́ rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń wa ọkọ̀ fúnra òun, taya kò bẹ́ rí, eré àsápajúdé Kàsúmù ló fà á. Ó ní òun á gba ìwé awakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Kàsúmù á sì padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn ní. Wọ́n ní kò jà. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé bóyá lòun sáré jù.

N kò sùn mọ́jú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo máa dójú ti ọ̀gá mi, torí òun ló ní ká fi òrí pa á. Ọ̀gá tí a dójú tì kì í yọ̀ǹda ọmọṣẹ́, Àwáwù á sì lọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹni tó ń fún mi ní oúnjẹ lọ́nà ló máa ru ẹrù mi. Ní àárọ̀, mo dé ilé iṣẹ́, mo jókòó, mo fi awọ sẹ́nu. Bàbá ti gbé àbọ̀ taya tó ya náà, tí a gbé bọ̀, sórí itan, ó ń wò ó. Mo yọ awọ ẹnu mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ tó kù dáwọ́ dúró.

Mo ní, “Bàbá, òrí ni.”

Kò gbé ojú sókè. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti Àlàmísì. Ó bi mí ìdí tí n kò fi sọ.

“Àlọ-àbọ̀ kan ló kù, Bàbá.”

Ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà lọ, jẹ́jẹ́, bó ṣe ń tọ gàárì. Àtàǹpàkò náà dúró, ó sì wọlé. Ó fà á yọ, ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ó wọ fìlà rẹ̀, ó gbé igbá òrí, ó ní kí n gbé taya náà kí a máa lọ. Bàbá Sànúsí kò dé ilé òyìnbó kankan rí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, òun ló ń wá. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ibẹ̀, gbogbo ìlú ń kí i, ó ń dáhùn bí ẹni tó ń lọ sí mọ́sálásí.

Kàsúmù ti di ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ sọ́rùn. Òun nìkan náà ni a ní tó gbọ́ èdè òyìnbó. Bàbá gbé igbá òrí sílẹ̀ níwájú òyìnbó, ó gbé taya tì í, ó ní kí Kàsúmù sọ fún un pé kì í ṣe awakọ̀ ló ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, òun Sànúsí ni. Kàsúmù kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní ọyẹ́ ni.”

Bàbá ní, “Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Òyìnbó fi ìka kan rọ́bà, ó fi kan òrí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n kọ ọ́ sára ìwé tí wọ́n fi wé taya náà wá pé kí epo má kàn án. Ó ní òun kà á, òun kò kàn rò pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń rán awọ. Ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí fún ọ̀gá mi. Kàsúmù tú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti rí ojú ọ̀run tó ń sán ààrá, mo ti rí Odò Ọya nígbà tó kún, n kò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì wú mi lórí tó àgbàlagbà tó dúró ṣánṣán, tó ní òun ni òun ṣì í.

Nígbà tí a ń bọ̀, ó yà sábẹ́ igi kan, igi tí wọ́n ti ń rí òrí gan-an, ó jókòó. Ó ní kí n mú okùn kókó mi wá. Ó kà á. Mo sọ fún un pé mọ́kàndínlógún ni, pé kò pé ogún. Ó ní òun mọ̀ pé kò pé. Ó na ọwọ́, ó gba awọ ẹnu mi tí mo ṣì dì mú lọ́wọ́ láti àárọ̀, ó sì so ó mọ́ ìdí okùn náà, ó fà á le. Ó ní, “Ẹni tó lè sọ fún mi pé mo ṣì í, kí ni mo tún fẹ́ kọ́ ọ? Lọ sọ fún bàbá Àwáwù.” Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, mo sunkún, lọ́tẹ̀ yìí kò sọ nǹkan kan nípa iyọ̀.

A ṣe yìgì kí ọyẹ́ tó lọ. Mo rán gàárì fún ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú mi ti là. Ẹṣin ń dín, ọkọ̀ ń pọ̀. Mo gba àyè kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ reluwé, mo ń lẹ taya. A kọ́kọ́ ń fi awọ àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà a ń da epo sínú orí písítìnì àlòkù, a ń tanná sí i kí ooru rẹ̀ lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ túùbù. Nígbà ogun Hítílà, taya wọ́n ju góòlù lọ, àwọn onílọ́rì sì ń kó koríko kún inú tiwọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fúnra rẹ̀ wá dé, èjìká mi sì sinmi. Àwọn ọmọṣẹ́ mi pọ̀ ju ọgbọ̀n lọ. Èmi náà le. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan kò di awọ sẹ́nu nílé iṣẹ́ mi rí, ariwo wọn ló sọ mí di adití báyìí.

Mo sọ fún Ràṣídì pé kó má bá ẹni tó ta ọkọ̀ jà. Taya ẹ̀yìn ọkọ̀ eré kò lè pẹ́ tó tiwájú, òun ló ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó máa fi àtàǹpàkò tọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bó bá sì rí ohun tí kò dára, kó má ka iye ìrìn tó kù. Ó ní òun ṣì fẹ́ mọ iye gan-an. Mo wọlé lọ gbé okùn náà fún un. Ó kà á dé mọ́kàndínlógún, ó dé ìdí rẹ̀, ó yí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ìkẹyìn yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bi mí pé kí ló jẹ ẹ́ báyìí.

Mo ní èmi ni. Ojú eyín mi ló wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú ẹnu mi, mẹ́ta péré ló kù.